Káàdì Kaosarah

"Fi itọ́ rin òwú náà díẹ̀," ni bàbá rẹ̀ wí.

Kaosarah fi òwú sẹ́nu, ó tún gbé abẹ́rẹ́ sókè sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Òwú náà tún gba ẹ̀gbẹ́ ihò abẹ́rẹ́ kọjá. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún rèé. Láti ọmọ ọdún méje ló ti ń bá bàbá rẹ̀, Sùrájù télọ̀, ki òwú bọ abẹ́rẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù wọn ní Mọ́kọ́lá, kò sì sí ìgbà kan tó ṣe é tì.

"Ìwọ náà ò rí i?" Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "A ti di arúgbó méjì nínú ṣọ́ọ̀bù kan nìyẹn."

Kaosarah bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá náà tẹjú mọ́ ọn, ó gbójú kúrò.

"Ṣé ojú ń dùn ọ́ ni?"

"Rárá o, Bàbá mi. Ó kàn rẹ̀ mí ni."

Irọ́ ni. Láti bí oṣù mẹ́ta tó ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni ohun gbogbo tí olùkọ́ bá kọ sí pátákó ti ń rí lójú rẹ̀ bí ìwé tí òjò rin. Iwájú ló máa ń jókòó sí, síbẹ̀ Mofẹ́olúwa, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló ń ka ọ̀rọ̀ náà sí i létí wúyẹ́wúyẹ́. Bó bá kàwé fún wákàtí kan, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Ìdánwò kékeré àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe, ó fìdí rẹmi. Ó ti yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta awò ojú ní Dùgbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó gbọ́ iye tí wọ́n ń tà á, ńṣe ló dúpẹ́, tó sì jáde. Ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ìránṣọ méjì tí bàbá rẹ̀ ní ni bàbá náà tà kó tó lè san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Báwo ni yóò ṣe tún la ẹnu sọ̀rọ̀ awò ojú?

Yàrá kan ni òun àti Mofẹ́olúwa jọ ń gbé ní Agbowó. Láyí ló wà ní yàrá kejì. Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Aṣọ ló ń tà lórí fóònù, ó sì fẹ́ràn Kaosarah bí àbúrò. Bó bá se ìrẹsì, á bu tiẹ̀ sọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹnu Kaosarah fi wúwo nígbà tí Láyí wọlé wá bá wọn lọ́jọ́ Ajé kan.

"Àbúrò mi, yá mi ní káàdì ilé-ẹ̀kọ́ ẹ. Ṣọ́ọ̀bù fóònù kan ní Challenge ń dín owó kù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Fóònù mi ti ń kú, inú ẹ̀ sì ni gbogbo iṣẹ́ mi wà."

"Àǹtí Láyí, àwòrán mi ló wà níbẹ̀."

"Ta ló ń wo àwòrán? Kí n kàn fi hàn wọ́n ni."

Mofẹ́olúwa gbé ojú sókè nínú ìwé tó ń kà. "Kaosarah, má ṣe é o. Orúkọ ẹ ló wà lára ẹ̀."

Kaosarah wo Mofẹ́olúwa, ó wo Láyí, ó ronú kan gbogbo abọ́ ìrẹsì tó ti jẹ. Ó fa káàdì yọ nínú báàgì, ó sì fún un.

Àwọn oníṣọ́ọ̀bù wo àwòrán náà o. Wọ́n gba káàdì lọ́wọ́ Láyí, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ ara ògiri pé kí Kaosarah wá rí Ìyáàfin Adébísí ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mofẹ́olúwa ló rí i. Kaosarah ti kọjá níwájú ògiri náà lẹ́ẹ̀mejì láì rí orúkọ ara rẹ̀.

Ìyáàfin Adébísí kì í pariwo. Ó gbé káàdì náà sórí tábìlì.

"Ṣé wọ́n jí i ni, àbí ìwọ lo fún ẹnì kan?"

Bó bá ní wọ́n jí i, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀, ẹ̀bi á sì di ti Láyí nìkan. Kaosarah gbé ojú sókè.

"Mo yá a ni, mà. Ẹ má bínú."

Bó ti sọ ọ́ tán ni ilẹ̀kùn ṣí. Láyí ni. Kó tó dé àárín yàrá ló ti kúnlẹ̀. "Mà, èmi ni mo tàn án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e nítorí mi." Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é, ẹnu Mofẹ́olúwa ló ti gbọ́, tó sì sáré wá.

Ìyáàfin Adébísí wo àwọn méjèèjì títí. "Ẹ fẹ́ràn ara yín, mo rí i. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí wọ́n bá fi káàdì yìí ṣe, Kaosarah ni wọ́n máa wá mú." Ó na fọ́ọ̀mù kan sí i. "Fọwọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì lo máa fi bá wọn to ìwé ní ilé ìkàwé."

Kaosarah gbé fọ́ọ̀mù náà sún mọ́ imú, ó fún ojú pọ̀.

"Kí ló ṣe ojú ẹ?"

Ó fẹ́ sọ pé ó rẹ òun ni. Ẹkún ló jáde. Ó sọ gbogbo rẹ̀: pátákó tí kò rí, orí fífọ́, ẹ̀rọ tí bàbá rẹ̀ tà.

"Ọmọ mi," ni Ìyáàfin Adébísí wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, "ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń yẹ ojú akẹ́kọ̀ọ́ wò ní ilé ìwòsàn wa. Awò ojú gan-an, ìdajì owó lẹ máa san, bí ẹ bá ti mú káàdì dání. Ó wà nínú ìwé tí a fún yín lọ́jọ́ tí ẹ wọlé. Ṣé o kà á?"

"Mi ò kà á, mà."

"Káàdì tí ò ń yá ẹlòmíràn láti fi ra fóònù, òun gan-an ni ìwọ ì bá ti fi ríran." Ó tì í sí i lórí tábìlì. "Mú un. Máa lọ báyìí kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn."

Ọ̀sẹ̀ kejì ni awò ojú náà dé. Láyí kò gbà kó dá san ìdajì owó ọ̀hún. Bí Kaosarah ti gbé e sójú, ó dúró sí etí títì, ó ń ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára kẹ̀kẹ́ Màrúwá àti ẹnu ṣọ́ọ̀bù sókè ketekete, títí Mofẹ́olúwa fi bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́, àwọn èèyàn ti ń wò wọ́n.

Bàbá rẹ̀ wá kí i lọ́jọ́ Àìkú. Kaosarah jókòó tì í, ó jẹ́wọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ fún un.

"Ẹ̀rọ ni mo tà, Kaosarah," ló wá sọ. "Mi ò ta ojú ọmọ mi. Bí nǹkan bá ń ṣe ọ́, jẹ́ kí n gbọ́." Ó yọ awò náà lójú rẹ̀, ó fi ìṣẹ́tí bùbá rẹ̀ nù ún, ó sì rọra gbé e padà sí i lójú. "Ó yẹ ọ́. O jọ lọ́yà."

Ọ̀sẹ̀ méjì ilé ìkàwé parí, ṣùgbọ́n Kaosarah kò yéé lọ síbẹ̀. Bó ti ń to ìwé níbẹ̀ ló rí i pé kọ̀ǹpútà wà fún akẹ́kọ̀ọ́ láti lò, àti pé ní gbogbo Ọjọ́rú, àwọn tó wà ní kíláàsì òkè máa ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun ní ìṣirò láì gba nǹkan kan. Ìdánwò kejì, kò ṣe ipò kìíní, ṣùgbọ́n ó yege dáadáa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Kaosarah ń kàwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kọ̀ǹpútà náà, Shakirah, ọmọ kíláàsì rẹ̀, dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìkàwé náà, kò wọlé, kò padà.

"Jọ̀ọ́, èló ni wọ́n ń gbà kí èèyàn tó lo kọ̀ǹpútà yẹn?"

"Wọn kì í gba nǹkan kan. Káàdì ẹ nìkan ni wọ́n máa wò."

"Mo rò pé àwọn tó ní èèyàn níbí ló wà fún."

"Èmi náà ò mọ ohun tó wà fún wa tẹ́lẹ̀, ó sì fẹ́ ba ìwé mi jẹ́," ni Kaosarah dáhùn. "Ohun tí wọ́n pèsè fún wa ni, kì í ṣe pé à ń tọrọ. Ka ìwé tí wọ́n fún wa, èyí tí kò bá yé ọ, béèrè. Má jẹ́ kí ojú tì ọ́. Ṣùgbọ́n káàdì yẹn, má yá ẹnikẹ́ni o, bó ti wù kí ẹni náà fẹ́ràn ẹ tó."

Shakirah rẹ́rìn-ín, ó wọlé, ó bọ́ báàgì léjìká. Kaosarah fa àga kan sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, ó sì fi bọ́tìnì tí wọ́n fi ń tan kọ̀ǹpútà náà hàn án.