Àlàfo Tó Dúró Ní Kọ̀rọ̀

Ojú mi ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣe. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, mi ò ní bá a jà.

Èmi àti Sọ̀fíyàt kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ọ̀gá wa ní yunifásítì ló kó wa pọ̀ sí yàrá kan ní Àgídìngbì, lókè ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe láílọ́ọ̀nù. Ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo nínú wa ni yóò máa bá iṣẹ́ náà lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Kọ̀ǹpútà la fi ń ṣírò ohun tó ń jáde bí núkílíọ́nù méjì, àwọn hóró tíntìntín inú átọ́ọ̀mù, bá kọlu ara wọn. Ìmọ́lẹ̀ á jáde. Nútírínò, hóró tó tún kéré jùyẹn lọ, á jáde pẹ̀lú. Nútírínò kì í bẹ̀rù ohunkóhun; ó ń la ògiri kọjá, ó ń la ara èèyàn kọjá bí ẹni pé a ò sí níbẹ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, Sọ̀fíyàt lu tábìlì.

“Ìbídùn, kí lo ṣe sí iṣẹ́ mi?”

“Mi ò fọwọ́ kàn án.”

“Irọ́ lò ń pa.”

Mo wo ojú kọ̀ǹpútà. Ìkọlù mílíọ̀nù kan la ti kó jọ. Ó yẹ kí àmì ohun tó ń jáde kún bọ́ọ̀lù tí kọ̀ǹpútà yà síbẹ̀ yípo. Ṣùgbọ́n lápá ọ̀tún, àlàfo dúdú kan wà. Ó ní orí. Ó ní èjìká méjì. Nútírínò gan-an kò kọjá níbẹ̀.

A tún un ṣe. Ó tóbi sí i.

“Kọ̀rọ̀ yàrá tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa yẹn ló kọjú sí,” ni mo wí.

“Kò sí yàrá nínú ìṣirò, òmùgọ̀.”

Òótọ́ ni. Nọ́ńbà lásán ni. Síbẹ̀ mo yí tábìlì, kí kọ̀rọ̀ náà lè bọ́ sọ́wọ́ òsì wa. A tún un ṣe.

Àlàfo náà bọ́ sọ́wọ́ òsì.

Ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ dákẹ́. Òórùn láílọ́ọ̀nù gbígbóná kún yàrá. Mo gbọ́ èémí. Kì í ṣe tèmi. Sọ̀fíyàt ti sé tirẹ̀.

“Ìwọ lo ṣe é,” ó wí. “O fẹ́ kí wọ́n lé mi.”

Ó dìde.

“Má lọ síbẹ̀.”

Ó lọ. Ó kẹ́yìn sí ògiri kọ̀rọ̀ náà. “Tẹ kọ̀ǹpútà.”

Mo tẹ̀ ẹ́. Àmì kún bọ́ọ̀lù náà pátápátá.

“Ó ti lọ,” ni mo wí.

Sọ̀fíyàt ń wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ó mú báàgì rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀ pè mí láti Agége. Ohùn wọn kò ròkè.

“Ìbídùn, kí lẹ fi ọmọ mi ṣe lọ́hùn-ún?”

“Ṣé kò délé ni, mà?”

“Ẹnì kan délé. Ó mọ orúkọ gbogbo wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Sọ̀fíyàt.”

Mo gbọ́ ohùn Sọ̀fíyàt lẹ́yìn wọn, jẹ́jẹ́. “Màmá, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?”

Wọn ò pè mí mọ́. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo lọ sílé wọn. Bàtà gbogbo wọn wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti ilẹ̀kùn láti inú. Mo kàn án lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹnì kan kàn án padà láti inú, lẹ́ẹ̀mẹta, ní ọ̀gangan ibi tí ọwọ́ mi wà.