Obìnrin tó ń Wo Àwòrán Sàn

Ìdajì ara Ilhom ló wà nínú àjà nígbà tí Muattar kọ́kọ́ rí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló ń mì lórí àkàbà. Òjò ti jò wọ ilé àwòrán ìjọba ní Samarkand, níbi tí Muattar ti ń tún àwọn àwòrán àtijọ́ ṣe, Ilhom ni wọ́n sì pè kó wá tún òrùlé ṣe.

"Ẹ rọra o!" Muattar pariwo. "Ẹ má já lu àwòrán mi."

"Bí egungun mi bá ṣẹ́ ńkọ́?"

"Egungun á jinná. Ọ̀dà tó bá bọ́ kò ní í hù mọ́."

Ilhom rẹ́rìn-ín títí àkàbà fi ń gbọ̀n. Iṣẹ́ tó yẹ kó tètè parí, ó fà á títí èso àjàrà fi pọ́n. Nígbà náà, kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó ń wá.

Ìyá Ilhom ló fárígá nígbà tó gbọ́ pé Muattar ló fẹ́ fi ṣaya. Ó ní obìnrin tó ń fa òórùn òògùn tí wọ́n fi ń fọ àwòrán símú látàárọ̀ dalẹ́, báwo ló ṣe fẹ́ bímọ? Kó yáa fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

"Mo fẹ́ràn rẹ, Ilhom," ni Muattar wí, "ṣùgbọ́n mi ò ní í fi í sílẹ̀."

"Èmi náà ò ní kí o fi í sílẹ̀. Màmá ni kó wá fojú ara rẹ̀ rí i."

Ìyá náà wá lóòótọ́, ó fi gèlè bo imú. Ó bá Muattar tó ń ki òwú sẹ́nu, tó sì ń fi í nu ojú bàbá arúgbó kan nínú àwòrán. Èérí ń ṣí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá ń pọ́n bọ̀.

"Kí lo fi ń nù ún?"

"Itọ́ ni, Màmá."

"Itọ́ kẹ̀?"

"Itọ́ lásán. Bí èérí bá le tó sì gba òògùn, mo máa ń bo imú, mo sì máa ń ṣí fèrèsé."

Gèlè bọ́ nímú ìyá. "Bí mo ṣe ń nu ojú Ilhom nìyẹn tó bá ti ibi eré dé! Ṣe ni á máa ké." Ó fa àga, ó jókòó. Nígbà tó ń lọ, ó ní: "Sọ fún bàbá rẹ pé à ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú."

Lọ́jọ́ náà, àwọn àgbà ìdílé méjèèjì jọ di búrẹ́dì kan mú, wọ́n ya á sí méjì, ọ̀rọ̀ di àdéhùn. Ilhom bu díẹ̀, ó nà án sí Muattar lẹ́nu lójú gbogbo ilé.

"Ojú ń tì mí," ni Muattar sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Jẹ ẹ́ jàre, ìyàwó wa," ni ìyá Ilhom dá sí i. "Iṣẹ́ ń dúró dè ọ́ lọ́la."