Ọmọrí Ìkòkò Rohan

"Pa ìkòkò yẹn dé! Ṣé ọbẹ̀ lò ń sè ni, tó o fi ń yọjú wò ó ní gbogbo ìgbà?"

Gbogbo orí tó wà nínú gáréèjì náà yí síbi tí Merrin Tregenza dúró sí. Obìnrin gíga ni, irun rẹ̀ pupa bí idẹ tuntun. Ẹni tó ń bá wí ni Rohan Vickery, atúnkẹ̀kẹ́ṣe tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń pọn bíà nílé ní Launceston. Ọmọrí ìkòkò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ooru bò ó lójú, kò sì mọ̀ bóyá kí òun bínú ni tàbí kí òun ṣáà máa wo obìnrin náà lọ.

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì gbóná ni."

"Ó gbóná kó o tó ṣí i." Merrin gba ọmọrí náà, ó dé e pa. "Oṣù Keje la wà, ìgbà òtútù gan-an nílẹ̀ wa níbí, òtútù ń wá ibi tó máa wọlé sí. Tẹmómítà ẹ gan-an, etí ìkòkò lò ń tì í bọ̀. Ìkòkò lò ń wọ̀n, o ò wọn ọkà báálì tó wà nínú ẹ̀. Rò ó dáadáa, kó o tì í sí àárín. Tó bá ti dáa, fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan."

"Wákàtí kan gbáko?"

"Ṣé wọ́n ń lé ẹ ni?"

Rohan ní ẹnikẹ́ni ò lé òun, àmọ́ bí wọ́n bá ń lé òun, òun ti mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí òun máa sá lọ. Merrin ní kó lọ nu ojú ẹ̀, ooru ti sè é jinná.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe di olólùfẹ́. Ṣùgbọ́n bí Rohan ṣe rí nídìí ìkòkò náà ló rí nídìí ìfẹ́. Wọn ò lè jókòó jẹ mítípáì létí odò kó má béèrè.

"Ṣé o máa fẹ́ mi?"

"O tún ti ṣí i."

"Mo kàn fẹ́ mọ ibi tó dé ni."

"Ìfẹ́ mi, má bi mí mọ́, àfi tí mo bá ní kó o bi mí."

Ó ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò ṣeré. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, òun àti Selwyn bàbá rẹ̀ nìkan ló kù nínú ilé, kò sì ní lọ ilé ọkọ tí bàbá náà kò bá fọwọ́ sí i. Ìkòkò mẹ́ta ni Selwyn fi ń pọn bíà tirẹ̀. Àwọn tó ń rẹ ọkà báálì sínú àpò nínú ìkòkò kan ṣoṣo, bíi Rohan, alásè-tíì ló ń pè wọ́n.

"Fi àpò ẹ pọn ún níbí," ó sọ fún Rohan lọ́jọ́ tó wá sílé wọn. "Ọkà tí èmi ń lò ni kó o lò. Tí omi ẹ̀ bá dé àmì ara ìkòkò mi, tó sì dùn tó tèmi, ìgbà yẹn la tó lè sọ̀rọ̀ ọmọ mi."

Rohan lọ ọkà náà kúnná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó dà á sínú àpò nínú omi gbígbóná, ó rò ó títí kò fi sí kókó kankan níbẹ̀, ó dé e. Merrin wọlé, ó gbé kúbùsù kan jáde, ó sì fi wé ìkòkò náà yíká.

Selwyn dìde. "Kúbùsù ìyá ẹ nìyẹn."

"Òun ni."

"Ta ní kó o gbé e?"

"Dádì, inú àpótí lẹ tì í mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ta ló ń móoru nínú àpótí?"

Selwyn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ki etí kúbùsù náà bọ abẹ́ ìkòkò níbi tó ti ṣí sílẹ̀. Ọwọ́ Rohan ń lọ síbi ọmọrí. Merrin wò ó. Ọwọ́ náà padà.

Nígbà tí àkókò tó, wọ́n fi okùn gbé àpò náà kọ́, Rohan àti Merrin sì ń fún un, ìka wọn ń kan ara wọn nínú ooru. Omi ọkà náà dùn bí oyin, ṣùgbọ́n kò dé àmì. Rohan nawọ́ sí omi.

"Tó o bá bu omi lásán sí i, adùn ẹ̀ á dínkù," Merrin sọ.

Ojú Rohan rẹ̀wẹ̀sì. Selwyn pòṣé, ó jáde lọ, ó sì padà pẹ̀lú kẹ́tùrù omi gbígbóná.

"Ẹ̀yin alápò, ẹ kì í fọ ọkà yín. Adìyẹ lẹ fẹ́ fi ṣúgà tó kù nínú ẹ̀ bọ́? Ẹ gbé e sókè."

Ó rọra ń da omi náà lé àpò lórí, àwọn méjèèjì tún ń fún un, títí omi fi dé àmì. Ó ju ìwọ̀n onígíláàsì tó fi ń wọn adùn sínú rẹ̀. Ìwọ̀n náà léfòó. Ó wò ó pẹ́.

"Ó tó."

Rohan wo Merrin.

"Kí lò ń wò?" Selwyn bi í. "Ṣebí o ní nǹkan tó o fẹ́ béèrè."

"Merrin ní kí n má tíì béèrè, sà."

Merrin nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Ó yá, bi mí."

"Ṣé o máa fẹ́ mi?"

"Rohan, láti ọjọ́ tí mo ti já ọmọrí yẹn gbà lọ́wọ́ ẹ ni mo ti pinnu. Ìwọ lo ò jẹ́ kó sinmi."