Ọ̀ọ́dúnrún Ìlà Lórí Ààlà Kan

Ẹsẹ̀ obìnrin náà ni Bàbá Wáyà, àgbà tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, kọ́kọ́ rí: bàtà kan ní ẹsẹ̀, èkejì lábẹ́ tábìlì. Ayamáàpù ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ ni. Ó dojú bolẹ̀. Àtàrí rẹ̀ là, ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mẹ́ta ti ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì ti dì mọ́ ọn létí. Kò tíì pé wákàtí kan tí ó pè é lórí fóònù:

“Bàbá, ẹ gbà mí. Bí mo bá ti fọwọ́ kan ààlà ilẹ̀ opó kan báyìí, gbogbo máàpù á dákú.”

Agogo mẹ́sàn-án ni wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Agogo mẹ́wàá ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ dé. Awọnlẹ̀ àgbà tí wọ́n ń pè ní Tààrà fara ti ilẹ̀kùn.

“Ẹ̀rọ yẹn ti gbó,” ni ó wí. “Ẹ jẹ́ kí a tẹ máàpù náà bó ṣe wà. Katapílà ló máa wó ilé opó yẹn lónìí. Orí ilẹ̀ onílẹ̀ ló wà.”

Bàbá Wáyà jókòó ti ẹ̀rọ náà. Ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn, máàpù dákú. Ó dà á kọ sínú ẹ̀rọ mìíràn. Ó tún dákú.

“Ara ẹ̀rọ le,” ni ó wí. “Máàpù ló ń ṣàìsàn.”

Ó yọ ọ̀nà kúrò, ó yọ odò, ó yọ ilé. Ààlà nìkan ni ó kù. Ó tú ti opó wò: lábẹ́ ohun tí ojú rí bí ìlà kan, ọ̀ọ́dúnrún ìlà ni ó gorí ara wọn.

“Aláìnísùúrù kan ló ń yí ààlà yìí. Ẹ̀rọ ń falẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ lé e lórí. Gbogbo ìgbà tó bá tẹ̀ ẹ́, ìlà tuntun ni.”

“Orúkọ ta ló wà lára rẹ̀?” ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ bèèrè.

“Ti ayamáàpù.”

Tààrà rẹ́rìn-ín. “Ẹ ò rí i? Ọ̀daràn yín lẹ fi ọkọ̀ gbé lọ yẹn.”

“Agogo mélòó ni ti ìkẹyìn?”

“Mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú, lónìí.”

“Dókítà ń rán orí rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà yẹn. Inú yàrá wo ni ẹ̀rọ tó fà á wà?”

Bàbá Wáyà gbé ojú sókè sí Tààrà.

Tààrà já irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àwọn awọnlẹ̀ gbà lára ògiri, ó fi la Bàbá Wáyà ní ìhà; egungun dún. Ó fọ́ fèrèsé, ó bẹ́ sílẹ̀, ó kó sínú ọkọ̀. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, ọkọ̀ wọ́ ọ nílẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi bó. Tààrà bù ú jẹ lọ́rùn ọwọ́. Ọkọ̀ kọlu òpó iná. Ó jáde, ó sáré, ó fò mọ́ ọgbà. Ṣòkòtò rẹ̀ kọ́ mọ́ irin ṣóńṣó, ó sì sorọ̀ níbẹ̀ bí aṣọ tí a sá. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó fà á bọ́ sílẹ̀. Eyín méjì ṣẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

“Ta ló lu ayamáàpù?”

“Ẹ bi ẹni tó lù ú.”

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kó ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, ó sì fún un le.

“Èmi ni! Ó rí ìlà yẹn. Ó ní òun á sọ fún ọ̀gá.”

“Ilẹ̀ opó, kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Ilé epo tí mò ń kọ́ ò ní ẹnu ọ̀nà.”

“Katapílà ńkọ́?”

Tààrà fi ẹnu ẹlẹ́jẹ̀ rẹ́rìn-ín. “Á ti débẹ̀.”

Ó ti débẹ̀ lóòótọ́. Ògiri ilé ìdáná ti wó. Opó náà, arúgbó tí kò ju egungun lọ, di òpó ilẹ̀kùn mú. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ yìnbọn sókè. Awakọ̀ katapílà ká ọwọ́ sókè.

“Màmá, ẹ fi òpó yẹn sílẹ̀. Wọn ò ní wó o mọ́.”

“Ta ló wí bẹ́ẹ̀?”

“Ọlọ́pàá ni mí.”

“Ọlọ́pàá ló mú katapílà wá.”

“Ẹni tó yí ààlà yín ti jẹ́wọ́. Òun nìyí nínú ọkọ̀.”

Ìyá náà rìn lọ sídìí ọkọ̀ ọlọ́pàá, ó wo inú gíláàsì rẹ̀ pẹ́.

“Ìwọ! Ọjọ́ tí o wá wọn ilẹ̀, ṣebí omi mi lo mu.”

Tààrà gbé ojú sá.

Fóònù dún: ayamáàpù ti lajú, ohun tí ó kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá wọ́n ti wó ilé opó. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ nawọ́ fóònù sí ìyá àgbà.

“Sọ fún un pé mo wà nínú ilé mi,” ni ó wí. Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn gbọin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ògiri ẹ̀yìn kò sí mọ́.