Oríkì Tí Sìmíátù Gbé Mì

Kàfáyàtù, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn ajagunfẹ̀yìntì, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi. Sìmíátù, tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an, ló ní kí n kọ ọ́, kí n má fi nǹkan kan bò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù ààwẹ̀, Kàfáyàtù gbé mọ́ínmọ́ín wá fún Sìmíátù nílé rẹ̀ ní àdúgbò Albany Park, lókè òkun.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìṣínu. Ọmọ yín tó ṣe sójà ńkọ́?"

"Ó ti lọ sí Texas." Ohun tí Sìmíátù ń sọ fún gbogbo ará mọ́ṣáláṣí nìyẹn.

Kàfáyàtù wo ẹnu ọ̀nà. Bàtà sójà kan wà níbẹ̀, ó ń dán bíi dígí.

"Ẹsẹ̀ lásán ló wá fi lọ?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Sìmíátù. Kó tó mọ̀, ó ti di ẹkún.

Ó ṣàlàyé. Ọkùnrin ni wọ́n pe ọmọ náà nígbà tí wọ́n bí i, wọ́n sọ ọ́ ní Abdulmumin. Ṣùgbọ́n obìnrin ló mọ ara rẹ̀ sí, Muminat ló sì ń jẹ́ báyìí. Ó ṣiṣẹ́ ológun, ó gba àmì ẹ̀yẹ, ó padà wálé. Níbi ìkómọ kan ní ìlú Skokie nítòsí, àwọn ènìyàn yọ ṣùtì sí i. Láti ìgbà náà ló ti ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá. Oúnjẹ kò wọlé, oorun kò kùn ún.

"Ó ní ayé sú òun. Ẹ̀rù ń bà mí pé mo lè jí láàárọ̀ kí n má bá a mọ́. Kàfáyàtù, ṣé àìsàn ni bó ṣe jẹ́ yìí?"

"Rárá o. Ẹ̀gàn àti ìdánìkanwà ló ń ṣe é. Tí ẹbí bá fa irú wọn mọ́ra, ọkàn wọn máa ń balẹ̀. Báwo lẹ ṣe ń kí i láàárọ̀?"

"Oríkì ni mo fi ń jí i tẹ́lẹ̀. Àkànní ni, oríkì ọkùnrin. N kò fẹ́ fi dùn ún, ni mo bá gbé e mì."

"Ẹ wá dákẹ́? Ó máa rò pé ẹ ti kọ òun lọ́mọ ni. Ẹ lọ bá a. Ẹ sì bi í tààrà bóyá ó ń ronú àtipa ara rẹ̀. Ìbéèrè kọ́ ló máa gbé e sí i lọ́kàn."

Sìmíátù kan ilẹ̀kùn yàrá.

"Àṣàkẹ́."

Ó tún kàn án.

"Àṣàkẹ́ ọmọ mi, wá ṣínu."

Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. "Ta lẹ̀ ń pè, Màmá?"

"Ìwọ ni. Oríkì ìyá mi ni, mo fún ẹ. Ṣé o ń ronú àtipa ara ẹ?"

Muminat kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, kò sì dìde. "Mo ń rò ó."

Kàfáyàtù tẹ 988, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tó ń ronú àtipa ara rẹ̀, ó tẹ 1 tí í ṣe ti àwọn ajagunfẹ̀yìntì, ó sì gbé fóònù fún un. Wọn kò fi í sílẹ̀ lóun nìkan.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ọmọ yín pamọ́ nítorí ẹnu ayé. Orúkọ tó ń jẹ́ ni kí ẹ pè é. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ayé sú òun, ẹ má fi ṣe àwàdà, ẹ pe 988 kíá. Ẹni tó gbèjà ìlú, ó yẹ kí ilé gbèjà rẹ̀.

Nígbà tí ọkàn Muminat ti ń balẹ̀, lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lọ sí ìpàdé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ṣe sójà, ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Morónkẹ́, aládùúgbò wọn, ń kọjá.

"Ta nìyẹn?"

"Ọmọ mi obìnrin. Sójà ni."

Muminat gbọ́. Ó nàró ṣánṣán nínú bàtà dídán rẹ̀, ó ń lọ. Kò bojú wẹ̀yìn.