Òṣìṣẹ́ Tí Àárẹ̀ Kì Í Mú

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ẹ̀rọ tó ń tẹ ìdérí agolo pa ọkùnrin kan.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Orúnkún àgbà ń dùn ún. Ike omi olóògbé ṣì kún dẹ́nu. Ìlà ṣọ́ọ̀kì wà lára ẹ̀rọ, ìlà kan fún ọgọ́rùn-ún ìdérí, bí ìṣe àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ti àárọ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án, wọ́n tọ́. Ti ọ̀sán jẹ́ mẹ́rin péré, wọ́n wọ́.

“Oorun ló gbé e lọ,” ọ̀gá iṣẹ́ sọ. “Àfọwọ́fà ni.”

Àbúrò olóògbé dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àpò oúnjẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Bàbá, wọ́n ní kí n bọ́ sípò rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ṣé kí n lọ?”

Atúnẹ̀rọṣe tan ẹ̀rọ náà, ó pa á, lẹ́ẹ̀mẹwàá. Kò ní àbùkù.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tọ́ka sí ẹ̀rọ kejì tí olóògbé tún ń ṣọ́. “Ta ló ní kí ẹnì kan máa ṣọ́ ẹ̀rọ méjì?”

“Èmi ni,” ọ̀gá iṣẹ́ dáhùn. “Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló ní ó ṣeé ṣe. Ẹ bi Oníkọ̀ǹpútà.”

Oníkọ̀ǹpútà fi àwòṣe ilé iṣẹ́ náà han Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ lójú kọ̀ǹpútà. Ènìyàn kékeré kan ń sáré láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ. Ìdérí kan, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìndínlógún, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

“Kì í mu omi?”

“Inú kọ̀ǹpútà ló wà, Bàbá.”

“Ọmọ ta ni? Mo fẹ́ gbà á síṣẹ́ lóko mi.”

Ọ̀gá iṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kò rẹ́rìn-ín.

“Ta ló wọn iye ìṣẹ́jú àáyá yìí?”

“Èmi ni. Àárọ̀ nìkan ni mo wọ̀n.”

“Ẹni tó o wọ̀n ńkọ́, kò buwọ́ lùwé?”

“Wọ́n máa ń buwọ́ lù ú,” ọ̀gá iṣẹ́ dá sí i. “Wọ́n sì máa ń mú ẹ̀dà kan.”

Àbúrò tú àpò oúnjẹ. Ìwé kan wà lábẹ́ abọ́, epo ti ràn án. Ìkọ̀wé Oníkọ̀ǹpútà ni, olóògbé sì ti buwọ́ lù ú: àárọ̀, mẹ́rìndínlógún, ọ̀sán, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

“O mọ̀ pé ó ń rẹ̀ ẹ́,” Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ sọ. “O yọ ọ̀sán kúrò. Wọ́n wá di ẹrù ènìyàn inú kọ̀ǹpútà ru ẹlẹ́ran ara.”

Oníkọ̀ǹpútà fọwọ́ bojú. “Ọ̀gá àgbà ní bí àwòṣe náà ò bá dín òṣìṣẹ́ kù, èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ dín kù.”

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kọjú sí àbúrò. “Má lọ lọ́jọ́ Ajé.”

Ohun tí olóògbé fi sílẹ̀: aya kan, àbúrò kan, bàtà tí okùn rẹ̀ ti já, ṣọ́ọ̀kì tó kù bí èékánná, ike omi tí kò ráyè mu.