Oúnjẹ Ehoro Dà?

Ẹyinjú ni gbogbo ilé ń pè é. Láàárọ̀ yìí, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Bàbá rẹ̀, tó ń pè ní Bàámi, máa ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn àwọn tó bá rìnrìn àjò. Ẹran tuntun ti dé!

"Ẹyinjú, bá mi to àwọn ẹran yìí sórí ìlà. Mo fẹ́ mọ ohun tí kálukú ń jẹ."

"Kò sí wàhálà, Bàámi!"

Màámi, ìyá rẹ̀, máa ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ó ti kọ́ Ẹyinjú ní ọ̀kan tó ń to nǹkan sórí ìlà: TÒ Ó.

Ẹyinjú kọ́kọ́ fi orúkọ ara rẹ̀ dán an wò. Ó tẹ bọ́tìnì. TÒ Ó! Ká!

Ẹ. Y. I. N. J. Ú.

"Yéè! Màámi, ó ti gé mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́!"

Màámi bú sẹ́rìn-ín. "Lẹ́tà lẹ́tà ló ń to ọ̀rọ̀. Ìwọ ṣì wà lódindi, ọmọ yìí!"

Ẹyinjú fọwọ́ kan imú rẹ̀. Imú wà níbẹ̀.

Ó wá ṣí àpótí àwọn ẹran nínú kọ̀ǹpútà. Oúnjẹ ẹran kọ̀ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. TÒ Ó! Ká!

Ológbò. Ehoro. Ayékòótọ́.

Ó parí síbẹ̀.

Háà! Oúnjẹ ológbò dà? Kò sí. Oúnjẹ ehoro dà? Kò sí. Ti ayékòótọ́ ńkọ́? Kò sí!

"Mo gbé o! Mo ti pa oúnjẹ wọn rẹ́!"

Níta, ayékòótọ́ ń pariwo. "Ebi! Ebi! Ebi!"

Bàámi yìí náà, kò kúkú ní sùúrù. Ó gbé ẹja síwájú ehoro.

Ehoro gbóòórùn ẹja. Ó fò fìrì! Ó sá sẹ́yìn garawa, ó ń gbọ̀n.

Bàámi lanu sílẹ̀. "Ehà! Ehoro kì í jẹja ni?"

"Bàámi, ẹ dúró ná!"

Ẹyinjú padà sídìí kọ̀ǹpútà. Ó sáré ṣí àpótí náà wò.

Àṣé gbogbo oúnjẹ ṣì wà níbẹ̀! Orúkọ nìkan ni kọ̀ǹpútà dà kọ sórí ìlà.

"Áà, èmi ni mi ò sọ fún un pé kó mú oúnjẹ dání!"

Ó ronú, ó ronú. Ó tẹ̀ ẹ́: TÒ Ó NÍ MÉJÌ-MÉJÌ. Ká!

Ológbò, ẹja. Ehoro, kárọ́ọ̀tì. Ayékòótọ́, àgbàdo.

"Ó ti wá o!"

Màámi la ojú sílẹ̀. "Hẹ̀ẹ́n! Ta ló kọ́ ọ nìyẹn?"

"Èmi ni mo kọ́ ara mi, mà."

Bàámi gbé ẹja fún ológbò, ó sì gbé àgbàdo fún ayékòótọ́.

Ẹyinjú gbé kárọ́ọ̀tì lọ sẹ́yìn garawa. Ehoro yọ imú. Ó yọ etí.

Rúmú, rúmú, rúmú! Kárọ́ọ̀tì ti tán.

Ehoro gun itan Ẹyinjú. Ó sì sùn lọ fọnfọn.